Àmín Tí Màmá Testimony Gbà Padà

Bí ẹ bá wọ ilé àwọn arúgbó kan ní ìhà gúúsù Turin láàárọ̀, tí ẹ gbọ́ tí ẹnì kan ń fi Yorùbá bẹ ìyá Ítálì pé kó jẹun, Olúrónkẹ́ Oyèkànmí nìyẹn. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ó ń gbé wọn dìde, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń ya irun wọn. Èrò tirẹ̀ ni pé èdè Ítálì dára fún ìwé ìjọba, ó sì dára fún ìjà nínú bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń rọ arúgbó. Nítorí náà, "Màmá, ẹ gbà á, oúnjẹ kì í ṣe ọ̀tá yín" ló máa ń sọ, àwọn arúgbó náà á sì yanu. Signora kan wà níbẹ̀ tó máa ń kí i ní "ẹ kú iṣẹ́" láràárọ̀. Ìyá náà gbà pé èdè àwọn ará Sardegna, erékùṣù Ítálì kan, ni.

Ní ìjọ wa ní Nichelino, ìlú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Turin, òun náà ni olórí dírámà. Kò sí ẹni tó yàn án. Ọdún tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ní kí ẹnì kan kọ́ àwọn ọmọdé ní eré Kérésì, ó nawọ́. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ yẹn kò ti sọ̀ mọ́. Òun ló ṣe eré Jónà tí síìpù ẹja ńlá há, tí Jónà fi inú ẹja wàásù fún gbogbo Nínéfè, tí Nínéfè sì ronú pìwà dà bẹ́ẹ̀ náà. Òun ló ṣe eré ọmọ onínàákúnàá, tí ọmọ náà kò fẹ́ padà sílé mọ́ nítorí pé àwọn ọmọ kékeré tó ṣe ẹlẹ́dẹ̀ ń bá a ṣeré. Olúrónkẹ́ kì í bínú. Ó máa ń ní Ọlọ́run tó fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sọ̀rọ̀ lè fi ohunkóhun sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ kọjá eré. Capannone, ilé ìkẹ́rùsí ńlá tí a ti ń jọ́sìn, èyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọganáísà, tí ariwo táyà máa ń bá wa kọ orin ìyìn, ẹni tó ni ín ti tà á. Ẹni tó rà á ní kí a kó jáde kí oṣù kẹwàá tó parí. Ibi kan ṣoṣo ló kù tí a lè kó lọ, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àdúgbò, tí àwa náà ń pè ní salone bí àwọn onílùú ti ń pè é. Chiara, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Ó ní àwọn tó bá kópa nínú ọdún àdúgbò ni àwọn ń yọ̀ǹda gbọ̀ngàn fún, àti pé ohun tí wọ́n bá ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, torí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Pásítọ̀ Olújùwọ́n wo ọwọ́ Olúrónkẹ́. Ọwọ́ náà ti wà lókè.

Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, sà. A máa gba gbọ̀ngàn yẹn."

Àkòrí ọdún náà ni "Òkun tó dá Amẹ́ríkà." Ọjọ́ tí wọ́n pín in, Olúrónkẹ́ sáré dé láti ibi iṣẹ́ tòun ti aṣọ iṣẹ́ lára, ó sì ti pẹ́. Àwọn ará Romania ti gba Colombo, ẹni tí wọ́n ní ó ṣàwárí Amẹ́ríkà. Àwọn bàbá tó ń gbá bocce, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń yí lórí ilẹ̀, ti gba Caboto, ọmọ Ítálì tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tukọ̀ lọ sí àríwá, tó pàdé ẹja pánlá tó pọ̀ débi pé wọ́n ní apẹ̀rẹ̀ lèèyàn lè fi bù ú. Àwọn ará Peru ti gba ọ̀dùnkún. Ó ku àwòrán ilẹ̀ àti òwò. Chiara kò tíì sọ gbólóhùn náà tán tí Olúrónkẹ́ fi ní òwò ni tàwa. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ìyá rẹ̀ ta òfì títí tó fi kú. Ta ló fẹ́ kọ́ ọ lówò? Ó fi ayọ̀ délé. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí wọ́n ń tà.

Ọmọ rẹ̀, Ìfẹ́táyọ̀, tó wà ní terza media, kíláàsì kẹta ní girama kékeré, ló wá bi í. Ó ní, "Mamma, ma lo sai che cosa vendevano?" Ìyá rẹ̀ ní ṣé òun ò mọ ohun tí wọ́n ń tà ni: tábà, ṣúgà, ẹja. Ọmọ náà mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ítálì ṣàlàyé bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé-ìwé, ìyá ń gé ẹ̀fọ́, ó ń gbọ́. Ọkọ̀ á kó aṣọ, ìbọn àti ọtí wá sí etíkun tiwa. Á kó èèyàn níbẹ̀. Àwọn èèyàn náà á lọ gbin tábà àti ìrèké lódìkejì òkun. Oje ìrèké á lọ sí àwọn ìlú etíkun Amẹ́ríkà, bíi Boston àti Newport, wọ́n á pọn ọ́n di ọtí, ọtí náà á tún wọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wa láti wá ra èèyàn sí i. Pánlá tí kò dára tó fún ọjà Yúróòpù, oko ìrèké ni wọ́n ń kó o lọ fún àwọn ẹrú jẹ. Igi tí wọ́n gé di ọkọ̀, ọkọ̀ di owó, owó di ìlú, ìlú náà sì sanra títí tó fi lè sọ fún ọba Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn ò san owó orí mọ́.

Olúrónkẹ́ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní àwọn wo gan-an ni wọ́n ń kó.

"Noi, mamma," ni ọmọ náà dáhùn. Àwa ni. Ó sì lọ bu omi mu.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó pe àwọn òbí jọ láti pín eré náà. Bí ẹ bá mọ ìjọ wa, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí ọmọ bá ṣe nínú eré, a gbà pé ayé ń gbọ́. Lọ́dún tí a ṣe eré Jóòbù, a ò rí ẹni tó máa jẹ́ kí ọmọ òun ṣe Jóòbù àfi ìgbà tí a gbà láti bẹ̀rẹ̀ láti orí tó gbẹ̀yìn, níbi tí Ọlọ́run ti dá gbogbo nǹkan padà fún un. Màmá Testimony ló kọ́kọ́ dìde, obìnrin gíga kan tó ń di ẹrù ní ilé-iṣẹ́ àwọn onífóònù, tí àmín rẹ̀ máa ń borí ẹ̀rọ fọganáísà. Ó béèrè ẹni tó máa ṣe ọ̀gá ọkọ̀. Olúrónkẹ́ ní wọn ò tíì débẹ̀, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni òun fẹ́ kọ́kọ́ yàn. Màmá Testimony ní kò burú, kí wọ́n máa yàn wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ tòun, ọ̀gá ọkọ̀ ni.

Ó ní, "Sístà Rónkẹ́, ṣé mo wá gbààwẹ̀ títí ikùn fi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn kí n tó rí Testimony, kí ẹ lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ ni?"

Ẹlòmíì ní ọmọ tòun náà, ọ̀gá ọkọ̀. Nígbà tí ìpàdé fi máa parí, ọkọ̀ náà ti ní ọ̀gá méje, kò sì ní atukọ̀ kankan, torí pé wọ́n ní àwọn atukọ̀ máa ń mutí. Bàbá kan gbà kí ọmọ òun, Mofìyìnfólúwa, ṣe ẹja pánlá. Ó ní ó kéré tán, ẹja kì í sin ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin kékeré kan, Ẹ̀rínọlá, ló ṣe tábà. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ nítorí pé ìjọ wa ò fara mọ́ tábà, ṣùgbọ́n wọ́n jọ rò ó, wọ́n gbà pé tábà tí kò tíì kan iná kò tíì dẹ́ṣẹ̀. Ẹrú, ẹyọ kan ò sí. Olúrónkẹ́ wá bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n ṣe é fúnra wọn. Gbogbo wọn ní àwọn ní turno, pé iṣẹ́ kan àwọn lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ odidi oṣù kan ló ṣì kù.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Pásítọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Pásítọ̀ Olújùwọ́n, kò fẹ́ ohun tó máa dá ìjọ rú. Ó fọwọ́ lérán, ó ní kí wọ́n fi epo pupa dípò. Àwọn òyìnbó ra epo pupa náà lọ́wọ́ wa, kì í ṣe irọ́. Olúrónkẹ́ ní kì í ṣe irọ́ lóòótọ́, sà. Báyìí ni wọ́n ṣe kó àgbá epo sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ìdánrawò, wàhálà dé. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Virginia ní Amẹ́ríkà, àgbá epo sọ̀kalẹ̀, tábà hù fúnra rẹ̀, ó sì rìn wọnú ọkọ̀ lọ. Ìfẹ́táyọ̀, tó jókòó sẹ́yìn, ní, "E chi ha lavorato?" Ó fẹ́ mọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀gá méjèèje wo ara wọn lójú. Ẹja pánlá ní òun kọ́.

Bùrọ̀dá Morákinyọ̀, tó ń wa muletto, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, ní ilé ẹrù, ló kan ọkọ̀ náà. Ó gbé tábìlì gígùn inú salone sáàárín, ó fi bancali, pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé, yí i ká, ó ta aṣọ ibùsùn bí ìgbòkun, ó sì fi aṣọ búlúù bo abẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ni ikùn ọkọ̀. Nígbà tó parí, kò lè fara dà á kí ọkọ̀ má lórúkọ. Ó fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà sí imú rẹ̀ pé JÉSÙ NI ATUKỌ̀ MI. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Ìfẹ́táyọ̀ tẹ fóònù rẹ̀ díẹ̀, ó wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé irú rẹ̀ ti wà rí. Láyé àtijọ́, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì yá ọ̀gá ọkọ̀ kan ní ọkọ̀ ńlá tirẹ̀, ọ̀gá náà sì fi kó èèyàn láti etíkun Áfíríkà lọ tà fún àwọn ará Spain lódìkejì òkun. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Jésù.

Olúrónkẹ́ ní irọ́ ni. Ọmọ náà fi hàn án. Ó kà á, ó tún un kà, ó dá fóònù padà. Kò ní kí wọ́n pa ọ̀dà náà rẹ́. Ohun tó ṣe ni pé ó fi àdúrà kan kún eré náà, èyí tí ọ̀gá ọkọ̀ máa gbà kó tó ṣíkọ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn, pé ìwé ẹrù wọn gan-an máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Pásítọ̀ yọ̀, ó ní eré ti ń ní ẹ̀mí.

Èmi gba Ọlọ́run gbọ́, mi ò sì ní fi Í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ọkọ̀ yẹn gbàdúrà kí wọ́n tó ṣí, àwọn tó wà nínú ikùn ọkọ̀ náà sì ké pe Ẹni tó dá wọn. Afẹ́fẹ́ rere fẹ́. Mo ti bi Í léèrè nípa rẹ̀. Mo ṣì ń dúró.

Ọjọ́ pé. Salone kún fún àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn. Àwọn bàbá oníbocce ti ṣe tiwọn, ẹja bébà sì wà káàkiri ilẹ̀. Gbogbo àwọn ará ìjọ wa tó ní turno lọ́jọ́ náà ló wá, kò ku ẹnì kan. A ò rí Olúrónkẹ́ níbi tó máa ń dúró sí. Ìfẹ́táyọ̀ ló ń darí eré. Kò sí ẹni tó rò ó wò. Wọ́n kó àgbá epo wọlé. Testimony gun orí tábìlì pẹ̀lú fìlà bébà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó di ojú, ó sì gbé ohùn Pásítọ̀ gan-an wọ̀. Ítálì ni eré náà, ṣùgbọ́n àdúrà yìí, Olúrónkẹ́ fi sílẹ̀ ní Yorùbá.

"Olúwa, nípa oore-ọ̀fẹ́ rẹ la fi ń ṣíkọ̀. Fún wa ní afẹ́fẹ́ rere."

A ní àmín.

"Jẹ́ kí òkun pa rọ́rọ́."

Àmín.

"Má ṣe jẹ́ kí ẹrù wa kú sójú ọ̀nà."

Àmín tó tẹ̀ lé ìyẹn mi fèrèsé. Màmá Testimony ti dìde, ó ń fì ìnujú, ọmọ rẹ̀ ló kúkú ń gbàdúrà. Testimony ní kí Olúwa jẹ́ kí wọ́n ra gbogbo rẹ̀ tán lọ́wọ́ wa lérè, a tún ṣe àmín, a fi "ní ìlọ́po" kún un. Nígbà náà ni Ìfẹ́táyọ̀ fa aṣọ búlúù náà.

Olúrónkẹ́ ló jókòó sábẹ́ tábìlì lẹ́yìn àgbá epo, láìwọ bàtà, ó fi gèlè di ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ nítorí ibẹ̀ kò ga. Òun nìkan ni. Àmín kan tó ti kúrò lẹ́nu ẹnì kan lẹ́yìn dúró sí ìdajì.

Màmá Testimony wo ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì. Ó wo abẹ́ tábìlì. Ó ní kí Testimony sọ̀kalẹ̀. Testimony ní, "Mamma, non ho finito," òun ò tíì ṣe tán. Ìyá rẹ̀ kọjú sí òkè àjà, ó sọ ọ́ ketekete bí ẹni tó ń dá ọjà padà:

"Mo gba àmín mi padà. Gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó wá bọ́ sórí ìtàgé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú gèlè náà. Àwọn ìyá tó kù tẹ̀ lé e. Kí a tó ṣẹ́jú, ẹgbẹ́ àdúrà ti yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń dè, wọ́n ń tú, wọ́n ń pàṣẹ fún òkun. Àwọn ọ̀gá mẹ́fà sá pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìtàgé. Tábà bú sẹ́kún. Bùrọ̀dá Morákinyọ̀ gbá tábìlì náà mú bí ẹni tó wà lórí muletto, ó sì yí imú ọkọ̀ padà sílé. Àwọn Ítálì rò pé bí eré ṣe rí nìyẹn, wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ kíkankíkan. Pásítọ̀ náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rí i pé gbọ̀ngàn ti bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Chiara nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó bi Olúrónkẹ́ jẹ́jẹ́ bóyá bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Olúrónkẹ́ ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Ó wo Pásítọ̀. Pásítọ̀ ń fi ojú bẹ̀ ẹ́, ojú tó gbé gbogbo ìjọ dání, tó gbé òtútù tó ń bọ̀ dání, àti àwọn àga wa tí kò ní ibi tí a máa tò wọ́n sí. Olúrónkẹ́ ló kúkú nawọ́ pé a máa gba gbọ̀ngàn náà.

Ó ní, "No." Ó wá yíjú sí Màmá Testimony. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dì í padà. Ọkọ̀ náà lọ."

"Rónkẹ́, mi ò lè dè ọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi eyín dì í."

Ó sì fi eyín dì í. Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi ẹni tí ìbànújẹ́ bá sílẹ̀ kó dá jókòó. Màmá Testimony ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún, ó sì wọ abẹ́ tábìlì lọ bá a. Ó ní ta ló kan nǹkan yìí kúkurú báyìí, kí Rónkẹ́ sún sọ́hùn-ún díẹ̀. Ìyá Ẹ̀rínọlá wọlé tẹ̀ lé e, ẹlòmíì wọlé, títí kò fi sí àyè mọ́. Bùrọ̀dá Morákinyọ̀ fa ojú ro, ó yí ọkọ̀ padà sí Amẹ́ríkà, ó sì jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé kò lè wọlé. Láti abẹ́ tábìlì, ìyá Testimony pàṣẹ fún ọmọ rẹ̀ pé kó gun orí ọkọ̀ padà, kó máa wà á lọ. Ọmọ náà ń wà á, ó ń ṣe òsúkè.

Ní Virginia, àwọn ìyá jáde, wọ́n gbin tábà. Ẹ̀rínọlá kò hù títí wọ́n fi gbìn ín. Màmá Testimony fi ìbínú kọ ebè débi pé Chiara ní kó rọra ṣe ilẹ̀ pákó àwọn. Pánlá dé, oje ìrèké dé, ọtí dé. Àwọn ọ̀gá náà rí iṣẹ́ ṣe nígbẹ̀yìn: wọ́n tò jọ, wọ́n di ìlú Boston. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó yára pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló kọ́kọ́ nawọ́, wọ́n ní ìbéèrè, ìbéèrè náà sì pọ̀.

Chiara fi kọ́kọ́rọ́ salone lé Olúrónkẹ́ lọ́wọ́ níbi tí gèlè ṣì wà. Pásítọ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Sístà, epo pupa la jọ sọ."

"Epo náà wà níbẹ̀, sà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo jókòó sí."

Màmá Testimony náà dé, ó fẹ́ mọ̀ bóyá Ọlọ́run máa ń dá àmín padà fún èèyàn lóòótọ́. Pásítọ̀ ní òun máa wá a nínú Bíbélì. Ó ṣì ń wá a.

Ọjọ́ Ìsinmi tí a kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, tábìlì yẹn kan náà ni wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé fún Oúnjẹ Olúwa. Bùrọ̀dá Morákinyọ̀ ti yọ àwọn bancali, ṣùgbọ́n ọ̀dà díẹ̀ ṣì wà létí rẹ̀, "JÉSÙ" péré. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí Olúwa gbé wa lékè ní ìlú yìí. Ó dúró de àmín. Kò sí nǹkan kan. Kò sí táyà lẹ́yìn ògiri mọ́ tó máa bá wa bò ó. Pásítọ̀ la ojú kan.

Màmá Testimony, ní ìlà iwájú, ló fọhùn. "Lékè ta ni, sà?"

Pásítọ̀ ronú. Ó tún un sọ. Ó ní kí Olúwa jẹ́ kí ilé yìí gbà wá, kó sì gba ẹnikẹ́ni tó bá wọlé bá wa. Màmá Testimony gbé e yẹ̀ wò. Olúrónkẹ́, tó ń to àga lẹ́yìn, náà dúró, ó gbé e yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe àmín, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé tó ti kà.